Ìkíni Lábẹ́ Ìgúnpá

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án, 1991

Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, àmọ́ pẹ̀lú ọpẹ́ fún ìgbé ayé rere, ni mo fi ń kéde ìpapòdà sálúbàtà mi ti apá òsì, èyí tó jáde láyé láàárọ̀ òní níwájú ọ́fíìsì ìjọba tuntun lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Okùn rẹ̀ ló já. A ti sin ín sínú gọ́tà. Ó fi apá ọ̀tún sáyé lọ, ara òun náà ò sì yá.

Irú ọ̀fọ̀ báyìí kò yẹ kó ṣẹ ẹni tó ń wáṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, gbogbo ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí láti Kàbbà dé Ìdàh ló ti kó wá sí Lokoja, gbogbo wa sì ń tò síwájú ilẹ̀kùn kan náà. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìwé ẹ̀rí pólì mi, ó tún wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n padà wá. Kò sọ ìgbà wo.

Àǹtí Salome, àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Gadumo, ní, "Gbogbo ọdún tó o lò ní pólì, wọn ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rán bàtà?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀ka tí mo kà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n gbé Bọ̀dá Sùrájù wálé pẹ̀lú aṣọ ìnura lójú. Ilé wọn ló kángun sí tiwa. Ará Ìlọrin ni wọ́n, àmọ́ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin sí Lokoja, nítorí náà àwọn ló ni ìlú, àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ó ti ń ṣe kọ́ńdọ́ lórí típà oníyanrìn láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó mọ ọkọ̀ wà ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó ní láìsẹ́ńsì, kò sì sẹ́ni tó tíì fún un ní mọ́tò rí.

Tó bá ti sọ yanrìn kalẹ̀ tán, á lọ sẹ́yìn ìsọ̀ fọkanáísà, níbi tí Kóòṣì Pius ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìjà Táílàn. Inú fídíò ni Kóòṣì ti rí i. Ìjà náà gba ẹ̀ṣẹ́, ó gba ẹsẹ̀, ó gba orúnkún, ó gba ìgúnpá. Ìgúnpá ló ṣe é lónìí. Ará Ẹbira kan tí wọ́n jọ ń dánra wò ló fi kàn án. Òkè ojú òsì rẹ̀ là bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀, Àlàájà Kàrímọ́tù tó ń ta òrí, kò sunkún. Ó ní kí n bá wọn lọ sí ọsibítù nítorí pé èmi ló gbọ́ èdè dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹsàn-án

A padà lọ fi ibi tí wọ́n rán lókè ojú Bọ̀dá Sùrájù han dókítà. Dókítà ní ó ń jinná. Ó ní bí ibẹ̀ bá tún là, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni kí a máa bẹ̀rù, ojú fúnra rẹ̀ ni, nítorí pé ohun kan ti mì lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ̀dá Sùrájù béèrè bóyá olójú kan lè wa ọkọ̀ èrò.

Dókítà ní olójú kan lè wọ ọkọ̀ èrò.

Òjò rọ̀ bò wá lójú ọ̀nà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ títí a fi délé, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹwàá

Olóyè Ọlọ́runfẹ́mi, kọngílá tó ti ń kọ́lé fún ìjọba kí ìjọba tó mọ̀ pé òun nílò ilé, ti ra bọ́ọ̀sì ńlá méjì tí yóò máa ná Lokoja sí Àbújá. Ó ní láti fi yọ̀ fún ìpínlẹ̀ tuntun, ìjà Táílàn yóò wáyé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá borí ni yóò máa wa bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Bọ̀dá Sùrájù yóò jà fún ìlú àtijọ́. Jacob Mákánjúọlá, ọmọ Yàgbà kan tó ń gún búlọ́ọ̀kù, yóò jà fún Lokongoma, àdúgbò tuntun.

Kóòṣì Pius ní kí n kọ ìwé ìpolówó. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ wá wo bí ọkùnrin méjì yóò ṣe fi ẹ̀jẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wá láìsí òbí. Òbí kò gbọdọ̀ wá láìsí tíkẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n ní Olóyè rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi kan ṣoṣo sílẹ̀ de ìpè náà.

Àlàájà Kàrímọ́tù pè mí láti orí ògiri. "Olúṣínà, ìwọ lo kàwé. Ojú ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní gbogbo ètò ti ń lọ lórí rẹ̀. Bí ìjọba ṣe ń wí nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ fọkanáísà láti wo ohun tí mò ń polówó. Kóòṣì Pius jẹ́ ará Ìgalà, ó ti ṣe sójà rí, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni ń rìn lórí ẹ̀gún.

"Ìgúnpá kì í ṣiṣẹ́ lókèèrè," ó wí, ó gbá Bọ̀dá Sùrájù mọ́ra. "Ẹ ó dì mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó tó ń jà lórí owó ọbẹ̀. Ọwọ́ kan lẹ́yìn ọrùn. Orí lo ń wá. Tí orí bá dúró lókè, ìgúnpá ò rí nǹkan ṣe. Tí orí bá wálẹ̀, ìgúnpá á bọ́ sí i, ojú á ya bí àpò gaàrí."

Bọ̀dá Sùrájù ní, "Kóòṣì, ọrùn Jacob ńkọ́?"

Ọrùn Jacob ni wàhálà. Wọ́n ní láti kékeré ló ti ń ru igi gẹdú, kò sì sẹ́ni tó tíì fa orí yẹn wálẹ̀ rí.

Mo ní, "Kí lẹ ó máa fà á fún? Ẹ kí i. Ọmọ Yàgbà ni, ọmọ Okun bíi tèmi. Bí ẹ bá ti lè ní 'Okun o,' bí a ṣe ń kí ara wa nílé, á dáhùn, á sì tẹrí ba. Wọn ò tíì bí ọmọ Okun tí wọ́n ń kí tó dúró gbọnrangandan."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Kóòṣì họ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Pólì," ó wí, "talk that thing again."

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Nítorí pé èmi nìkan ni ọmọ Okun tó wà nítòsí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, èmi ni wọ́n fi ṣe Jacob. Ọmọ Owé ni mí, kì í ṣe Yàgbà, àmọ́ Kóòṣì ní gbogbo yín ni gbogbo yín.

Bọ̀dá Sùrájù dì mọ́ mi. Ó ní, "Okun o, Pólì."

Mo ní, "Okun, ẹ̀gbọ́n," orí mi sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fi fóòmù wé ìgúnpá náà. Fóòmù náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

A tún un ṣe. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí n ó jẹ́ akọni. Kò ṣeé ṣe. Bọ̀dá Sùrájù ti ń lọ ilé kéwú kí wọ́n tó bí mi. Pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi, ìtìjú gidi ni. Orí mi á ti wálẹ̀ kí n tó rántí pé ìjà là ń jà.

Inú Kóòṣì dùn. "You see am? Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà."

Inú ẹ̀jẹ̀ mi ló wà lóòótọ́. Mo tutọ́, mo sì rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Eyín mi kan ń mì. Ògì ni mo mu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé láti Èkó, ó funfun báláú. Gbogbo Gadumo jáde. Àbúrò ìyàwó Olóyè ló wà á dé. Ó ní òun kàn ń bá wọn dì í mú títí tí ìjà yóò fi parí ni. Ó ti so tẹ̀sùbáà àti fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ síwájú.

Bọ̀dá Sùrájù fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ẹ̀wù nu ibi tó fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Kóòṣì rán mi lọ ṣe amí Jacob lẹ́yìn ìsìn. Mo bá a níbi tó ti ń gún búlọ́ọ̀kù, láàárín àwọn ilé tuntun Lokongoma tí wọn ò tíì kanlé. Mo ní oníwèé ìròyìn ni mí. Irọ́ díẹ̀ ni. Mo ṣá ń kọ ìwé yìí.

Ọkùnrin náà tóbi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mo ní, "Okun, sà," mo tẹrí ba.

Mo gbọ́ ohùn báàsì lókè orí mi: "Okun, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé?"

Nígbà tí mo gbé orí sókè, orí tirẹ̀ wà ní ipò rẹ̀. Bóyá ó ti lọ sílẹ̀ kó tó padà, n kò lè sọ. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ó fún mi níṣu sísè, ó jókòó tì mí. Ọmọ rẹ̀ márùn-ún ń bẹ ní Ìsánlú. Mo béèrè bóyá ó mọ ọkọ̀ wà.

"Mò ń kọ́ ọ lọ́wọ́," ó wí. "Mo ti mọ fèrè."

Mo béèrè ohun tó rò nípa Sùrájù.

"Bá mi kí i. Wọ́n ní ojú ń dùn ún. Èmi ò ní wá ojú yẹn kiri. Àmọ́ bó bá gbé e wá bá mi, n ò ní kọ̀ ọ́."

Nígbà tí mo délé, Kóòṣì àti Bọ̀dá Sùrájù ti ń dúró dè mí.

"Did he bow?" Kóòṣì bi mí.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbálẹ̀," mo wí.

Bí àwàdà ni mo ṣe sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá àwàdà ni. Èmi náà ò béèrè.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹwàá

Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ooru Lokoja ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun nìkan ni kò kọ ìwé béèrè fún un.

Bọ̀dá Sùrájù ra bàtà aláwọ dúdú. Ó ní awakọ̀ Àbújá kì í wọ sálúbàtà. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú páálí, ó ní òun ò ní wọ̀ ọ́ kí òun tó gun bọ́ọ̀sì.

Ohun kan ń dà á láàmú. "Pólì, Jacob yìí dàgbà jù mí lọ, àbí?"

"Ó jù yín lọ dáadáa."

Ó rò ó. "Ó dáa náà. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí i nìyẹn. Ìyá mi ò ní lè sọ pé mo rí àgbà fín."

Kóòṣì ní òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ara tu gbogbo wa pé ìwà ìkà wa bá ẹ̀kọ́ ilé mu.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kọkànlá

Òrí ti wọ́n. Gaàrí ti wọ́n. Ilé ti di ohun tí à ń fojú wò. Àwa tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan la ṣì pọ̀.

Àlàájà Kàrímọ́tù kò ta èyí tó dára jù nínú òrí rẹ̀ mọ́. Ó ń fi í ra òkè ojú ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ìgúnpá lè máa yọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Olúṣínà, èmi ti ń ríran bàìbàì. Ojú rẹ̀ ni mo fi ń rí ọ̀nà ọjà. Ètò tẹ́ ẹ ń ṣe yẹn, ṣé ó dájú?"

Mo ní, "Àlàájà, a ti dán an wò lára mi." Mo fi eyín hàn án.

Ó fún mi ní òrí díẹ̀ kí n fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kọkànlá

A sáré gun Òkè Pàtí. Èmi rìn, àwọn sáré. Lókè, omi méjèèjì wà nísàlẹ̀ wa, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, wọ́n jọ ń lọ láì tíì gbà láti dàpọ̀, bí àwọn ẹ̀yà inú ìpínlẹ̀ wa.

Bọ̀dá Sùrájù fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. "Mo fi òsì rí ọkọ̀ ojú omi kan níbi tí omi ti pàdé. Ṣé o rí i?"

N kò rí nǹkan kan. Mo ní mo rí i.

Ó wa bọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ń yí jíà lórí afẹ́fẹ́, ó ń fọn fèrè, ó já Kóòṣì sílẹ̀ ní Kótònkarífè, ó sì ní kí n ṣe sùúrù, Àbújá ò jìnnà mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Láàárọ̀ yìí Àǹtí Salome ń gbé ọbẹ̀ kọjá, Bọ̀dá Sùrájù sì fẹ́ kí i ní èdè wa. Ó ní, "Okun, mà." Orúnkún rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ sì fò sókè láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Ọbẹ̀ dà sílẹ̀.

Àǹtí Salome wò ó, ó wò mí. "Ẹ ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

A rẹ́rìn-ín débi pé Kóòṣì di ògiri mú. Ìgúnpá yẹn yára, gbogbo wa la rí i. Ìgúnpá là ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ dé. Ètè gbogbo ìlú ti là, ìjà ò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

Pápá kún lánàá. Àwọn àgbà jókòó sórí àga níwájú, Olóyè Ọlọ́runfẹ́mi láàárín wọn, àwa yòókù dúró nínú eruku. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí àwọn méjèèjì lè máa rí i. Àlàájà Kàrímọ́tù kò wá. Ó ní kí n bá òun wò ó.

Bọ̀dá Sùrájù ló ni ìpele kìíní. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá itan Jacob, ó ń kúrò níbẹ̀, ó tún ń padà wá gbá a. Jacob bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá Sùrájù ń bá a lọ ni, ì bá borí. Mo fẹ́ kí èyí wà lákọsílẹ̀.

Ní ìpele kejì, Kóòṣì ké láti igun wa: "Hold am! Dì í mú! Kí i!"

Ó wọlé, wọ́n dì mọ́ra. Mo sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ọ ketekete.

"Okun, sà."

A kò kọ́ ọ ní "sà." Fúnra rẹ̀ ló mú un wá láti ilé. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí igbá àyà Jacob. Jacob dúró bí ó ti yẹ kí àgbà dúró tí ọmọdé bá ń kí i. "Okun, ọmọ mi," ó wí, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn Bọ̀dá Sùrájù bí ọwọ́ ẹni tó ń súre. Ìgúnpá ọ̀tún sì sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá kan níwájú ní, "Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Nínú ìjà." Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún un.

Kóòṣì rò pé ohùn Bọ̀dá Sùrájù ló kéré jù. "Greet am well! Kí i sókè!" Èmi náà ké e. Mo fẹ́ kí èyí náà wà lákọsílẹ̀. Ohùn mi ju ti Kóòṣì lọ.

Ó kí i lẹ́ẹ̀kejì. Jacob dáhùn. Òrí wà níbẹ̀, ìgúnpá yọ̀ dànù. Ìyá rẹ̀ kò ṣe wàhálà lásán. Nígbà tó fi máa di ìpele kẹta, òógùn ti fọ òrí lọ. Ó kí i lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kẹta. Òkè ojú náà là níbi tó ti là tẹ́lẹ̀, ó sì jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ohun tí mo ti mọ̀ kí n tó mọ orúkọ ara mi, pé ẹni tó kéré ló ń kí, ẹni tó ń kí ló sì ń tẹrí ba. Lẹ́yìn ìsọ̀ fọkanáísà, èmi ni mo kéré, orí tèmi ló wálẹ̀. Ní pápá, òun ló kéré. A fi nǹkan bí oṣù méjì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé ojú fún ìgúnpá.

Nígbà tí a ń gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, àbúrò ìyàwó Olóyè ní ká rọra, ká má fi ẹ̀jẹ̀ kùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá

Ojú òsì Bọ̀dá Sùrájù jáde láyé láàárọ̀ àná lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Ó fi apá ọ̀tún sáyé lọ.

Mo ti lo gbólóhùn yìí rí. Mo wá òmíràn, n kò rí.

Ó bi mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, "Pólì, ṣé mo kí i dáadáa?"

"Ẹ kí i dáadáa, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ń dáhùn. Àmọ́ kì í tẹrí ba." Ó yí ojú kan tó kù sí mi. "O ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbálẹ̀."

Mo ní kí n lọ bá a bu omi wá. Mo bu omi náà. Aláìsàn míì ni mo gbé e fún.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejìlá

Jacob wá sí ọsibítù, ó ń tiro, ó ru iṣu mẹ́ta. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí ni," ó sọ fún Àlàájà Kàrímọ́tù. "Nígbà tó ń tẹ̀ tó ń pè mí ní sà, mo ní ó ti rẹ ọmọ yìí, wọn ò sì jẹ́ kó jáde. Mo ní kí n tètè parí ẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sinmi."

Àlàájà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ iṣu. Jacob bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Bọ̀dá Sùrájù na ọwọ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Okun, sà," orí rẹ̀ sì gbìyànjú láti kúrò lórí ìrọ̀rí. Jacob bojú wẹ̀yìn.

Gbogbo wọn ló rí ẹni kí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejìlá

Olóyè Ọlọ́runfẹ́mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ìwé ìpolówó yẹn ló kó èèyàn wá ju ìjà náà lọ, òun sì ń wá akọ̀wé tó lè kọ ọ̀rọ̀ tó korò kó dà bí oyin.

N kò ní bàtà tí n ó wọ̀ lọ. Àlàájà Kàrímọ́tù gbọ́ ọ láti orí ògiri, ó gbé páálí kan fún mi, bàtà dúdú inú rẹ̀ ò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ó ní kí n fún ẹ. Ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́." Ó ń fi ọwọ́ wá ojú mi, kò rí ojú mi dáadáa. "Olúṣínà, ó ní kí n sọ fún ẹ pé ó ti dárí jì ẹ́. Kí lo ṣe fún un?"

Mo ní Bọ̀dá Sùrájù fẹ́ràn àwàdà.

Bàtà náà bá mi mu rẹ́gí.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejìlá

Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ nìyí. Mo lẹ ẹ̀dà kan síbí.

ILÉ-IṢẸ́ ỌKỌ̀ ỌLỌ́RUNFẸ́MI ÀTI ÀWỌN ỌMỌ, LOKOJA

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ÌLÚ

A fi àsìkò yìí sọ ọ́ di mímọ̀ pé ìjà tó wáyé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù tó kọjá jẹ́ eré ìdárayá lásán, àti pé lílo ìgúnpá kò sí lára ohun tí Ilé-iṣẹ́ yìí fọwọ́ sí.

Níwọ̀n bí ẹni tó borí kò ti mọ ọkọ̀ wà, tí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà kò sì ní ojú tó pé, ipò awakọ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kejìlá Oṣù Kẹwàá, kí a tó já tíkẹ́ẹ̀tì kankan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kí wọ́n má ṣe wá sí ọ́fíìsì mọ́.

Bákan náà, láti òní lọ, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ sálúbàtà wá sí ibi iṣẹ́.

Olúṣínà Bámiṣayé (HND)
Akọ̀wé, fún Olóyè Ọlọ́runfẹ́mi